Ẹ̀rọ Tí Kò Jẹ́ Ìpè

Ìbíyẹmí fi ọ̀pá kan ìkòkò tó wà lórí tábìlì. Lójú ẹsẹ̀, ìkòkò náà dáhùn pé, "Ìkòkò ọbẹ̀ ni mí. Ilé Ojúọlápé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ń jẹ́ ìpè."

Ó kan àga onígi kan. Àga ní, "Àga ni mí. Bí ẹni tó jókòó lórí mi bá purọ́, mo máa ń súfèé. Mo ń jẹ́ ìpè."

Láti ọdún mọ́kànlá tó ti ń ṣiṣẹ́ Ẹ̀ṣọ́ Ẹ̀rọ, kò tíì rí irú àga bẹ́ẹ̀ rí.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni o," ni ìyá àgbàlagbà kan wí láti ẹ̀bá fèrèsé. Ó dé fìlà kan tí abẹ̀bẹ̀ kékeré méjì ń yí lórí rẹ̀. "Èmi ni Ìyá Ojúọlápé. Nítorí ọkọ mi ni mo ṣe ṣe é. Àmọ́ ó kú kí n tó parí rẹ̀, orí yọ ọ́."

Àwọn tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n tó ogún, tọkùnrin tobìnrin, gbogbo wọn ló ní àbàwọ́n òjé àti ọ̀rá ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ Àtúnrọ ni wọ́n ń pe ara wọn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n máa ń kó ohun tí wọ́n bá fi ọwọ́ ara wọn ṣe wá sí gbọ̀ngàn ilé ìwé àtijọ́ tó wà ní ìlú Ìdí-Ọlọ, kí àwọn ará ìlú lè wá wò ó. Òní ni ọjọ́ náà. Àmọ́ ìbẹ̀rù ti bá ọjọ́ ayọ̀ náà jẹ́ díẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ afọ́ẹ̀rọ tí Ìbíyẹmí gbé wá wà níta, ẹnu rẹ̀ onírin sì là sílẹ̀.

Ìbíyẹmí ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó kan ẹ̀rọ kan tó ń bó ẹ̀gúsí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tó sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gúsí náà kó tó bó o. Ó kan bàtà tó mọ ọ̀nà ilé fún ẹni tó bá mutí yó. Ó kan agboòrùn tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí òjò rọ̀. Gbogbo wọn dáhùn. Gbogbo wọn ló ní ahọ́n, ìyẹn irin kékeré bí ẹ̀wà kan tí òfin ní kó wà lára ohunkóhun tó bá ń lo iná, kí Àjùmọ̀rò lè máa gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ náà ń rò. Àjùmọ̀rò ni ọgbọ́n kan ṣoṣo tí gbogbo ẹ̀rọ ilẹ̀ náà pa pọ̀ ń rò. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn, òun ló ń wa ọkọ̀, òun ló ń sọ fún àgbẹ̀ ìgbà tí yóò gbin iṣu.

Ó dé ìdí tábìlì tó gbẹ̀yìn. Àpótí kan wà lórí rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá bí eyín àgbàlagbà, ó ní ojú gíláàsì, bọ́tìnnì onílẹ́tà sì tò lọ bẹẹrẹ níwájú rẹ̀. Bàbá gíga kan dúró tì í, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí Tíṣà Akínlùyí. Òun ni olórí Ẹgbẹ́ Àtúnrọ.

Ìbíyẹmí kan àpótí náà. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún kàn án, ó sì túbọ̀ kàn án gidi. Àpótí dákẹ́.

Kò tíì kan ẹ̀rọ tó dákẹ́ rí. Àjùmọ̀rò sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ sí i nínú yẹtí iṣẹ́ tó wà létí ọ̀tún rẹ̀ pé, "Ìbíyẹmí, kí ló wà níwájú rẹ? Mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀."

"Tíṣà, kí lèyí?"

"Kọ̀ǹpútà ni."

Ìbíyẹmí ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí, bí èèyàn ṣe máa ń gbọ́ orúkọ ẹranko tó ti run. "Ó ti kú ni?"

"Kò kú. A ò tíì tan iná rẹ̀ ni. Ó ju àádóje ọdún lọ. Abẹ́ àwókù yàrá ìkẹ́rùsí ilé ìwé yìí ni Ṣíkírù ti wú u jáde." Ó nawọ́ sí ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú kan tó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá tábìlì, tó ń fi aṣọ nu orí wáyà. "Ọdún mẹ́fà ló fi tún un ṣe."

"Ahọ́n rẹ̀ dà?"

"Kò ní. Wọ́n ti ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ahọ́n. Bí mo bá kan ahọ́n mọ́ ọn lónìí, ọ̀rọ̀ Àjùmọ̀rò ni yóò máa sọ. Kò ní sọ tirẹ̀ mọ́."

"Ẹ mọ òfin, sà. Ẹ̀rọ tí kò bá jẹ́ ìpè, kí a fọ́ ọ ni. Bí ẹ̀ṣọ́ kò bá sì fọ́ ọ kí oòrùn tó wọ̀, ẹ̀ṣọ́ ni wọn yóò yọ."

Gbogbo wọn mọ ìyọkúrò. Ẹni tí wọ́n bá yọ, fún ọdún kan gbáko, kò sí ẹ̀rọ kan tí yóò dá a lóhùn. Ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ kò ní ṣí fún un. Ẹ̀rọ omi kò ní pọn omi fún un. Ọkọ̀ yóò kọjá lára rẹ̀ lójú ọ̀nà bí ẹni pé igi ló dúró síbẹ̀.

Ìyá Ojúọlápé rìn wá, abẹ̀bẹ̀ ń yí lórí rẹ̀. "Ọ̀gá Ẹ̀ṣọ́, ẹ jẹ́ kó ṣe nǹkan kan lójú yín ná. Ẹni tí wọ́n fẹ́ pa pàápàá, wọ́n máa ń bi í léèrè orúkọ rẹ̀."

Ìbíyẹmí wo ojú fèrèsé. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé òun náà fẹ́ rí i. Láti kékeré ló ti máa ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó wà nínú ẹ̀rọ, ìdí tó sì fi gba iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ nìyẹn, nítorí ó rò pé àwọn ẹ̀ṣọ́ mọ̀. Wọn ò mọ̀.

"Ẹ tàn án," ló wí.

Ṣíkírù tẹ bọ́tìnnì kan. Nǹkan kan dún kẹ́ nínú àpótí. Ojú gíláàsì dúdú fúngbà díẹ̀, ó wá yí sí àwọ̀ ewé, bí odò tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ṣíkírù ki kásẹ́ẹ̀tì kan bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ariwo bẹ̀rẹ̀, ó ń han, ó ń fọn, bí ẹgbẹ̀rún ìrẹ̀ tó ń jà nínú agolo. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́. Àmì kékeré kan yọ ní igun òkè gíláàsì. Ó tàn, ó kú, ó tàn, ó kú, bí ẹni tó ń ṣẹ́jú.

Ìbíyẹmí ń retí kó kí òun. Gbogbo ẹ̀rọ tó ti bá pàdé láyé rẹ̀ ló máa ń kí i, tí í bi í bóyá ó sùn dáadáa, tí í sì fún un ní ohun tó fẹ́ kó tó mọ̀ pé òun fẹ́ ẹ. Àmì náà kàn ń ṣẹ́jú.

"Kí ló ń ṣe?"

"Ó ń dúró," ni Tíṣà dáhùn.

"Kí ló ń dúró dè?"

"Ìwọ ni."

Ìbíyẹmí sún mọ́ tábìlì.

"Kọ orúkọ rẹ, ọmọ mi. Tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan."

Ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ iná wò. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń yọ lójú gíláàsì bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó fo lẹ́tà kan láàárín. Ó dúró kí ẹ̀rọ náà bá a tún un ṣe. Ẹ̀rọ náà fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Kò tún un ṣe!" Ohùn rẹ̀ lọ sókè.

"Ìwọ lo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni Ṣíkírù wí láti ilẹ̀. Ó rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹ má bínú, Ọ̀gá Ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àfi kí ẹ̀yin fúnra yín tún un ṣe."

Ìbíyẹmí kò bínú. Ó ń wo orúkọ tó ṣàṣìkọ náà bí ẹni tó ń wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni, kò sì sí ẹ̀rọ kan tó tíì fi àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀ fún un rí.

Ṣíkírù dìde, ó tẹ nǹkan mìíràn. Ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà tò wálẹ̀ lójú gíláàsì ní ìlà ìlà. "Gbogbo ohun tó ń rò nìyí," ló wí. "Ọgọ́ta ìlà. Kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀. Ẹ tọ́ka sí èyíkéyìí, kí ẹ bi mí pé kí nìdí, màá sọ fún yín."

"Kí nìdí." Ìbíyẹmí tún ọ̀rọ̀ náà sọ lábẹ́lẹ̀. Àjùmọ̀rò kì í sọ ìdí. Ohun tó yẹ kí èèyàn ṣe ló máa ń sọ. Ìgbà yẹn ló rántí iṣẹ́ kejì tó gbé e wá sí Ìdí-Ọlọ.

Ìlú Ìdí-Ọlọ wà ní ìsàlẹ̀ òkúta ràbàtà kan tí wọ́n ń pè ní Òkè Ọlọ, nítorí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọlọ. Ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni Àjùmọ̀rò ti kéde pé kí gbogbo ará ìlú kó kúrò níbẹ̀ kí ọjọ́ méje tó pé, nítorí òkúta náà yóò ṣubú. Kò sí ẹni tó kúrò. Ọdún méjì sẹ́yìn ló sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará Òkè-Ọ̀dàn. Wọ́n kó lọ, nǹkan kan ò ṣubú, Àjùmọ̀rò ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn títí di òní. Òfin kò gbà kí a fi ipá mú ẹnikẹ́ni kúrò nílé rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ nìkan ni Ìbíyẹmí lè bẹ̀. Ẹni tó fẹ́ bẹ̀ gan-an ni Tíṣà Akínlùyí, nítorí òun ló dìde níbi ìpàdé ìlú, tó ní ilẹ̀ àwọn ni wọ́n fẹ́ gbà. Irínwó èèyàn ló ń wo ojú rẹ̀.

"Tíṣà," ló wí, "wọ́n ní ẹ máa ń gun Òkè Ọlọ láràárọ̀."

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé."

"Kí lẹ máa ń lọ ṣe níbẹ̀?"

Tíṣà fa ìwé mẹ́ta tó nípọn jáde lábẹ́ tábìlì, ó gbé wọn lé orí rẹ̀. "Òkúta náà là lókè lọ́hùn-ún. Mo máa ń fi rúlà wọn bí ojú ibi tó là náà ṣe fẹ̀ tó, màá sì kọ ọ́ sílẹ̀."

"Nítorí kí ni?"

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

Ìbíyẹmí ṣí ìwé náà. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà tó rí rìgìdì, ọdún lé ọdún. Ó gbójú sókè. "Ṣé ojú rẹ̀ ń fẹ̀ sí i?"

"Ó ń fẹ̀. Ó ti ń fẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé 'bẹ̀."

"Ṣé ó ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?"

Tíṣà nawọ́, ó pa ìwé náà dé.

"Kíkọ ló ń kọ ọ́," ni Ìyá Ojúọlápé wí. "Kò ṣírò rẹ̀ rí. Mo ti sọ fún un pé kó ṣírò rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á."

"Ìyá Ojúọlápé!" ni Tíṣà ké mọ́ ọn.

"Ṣé mo purọ́? Ṣé kí n gbé àga wá?"

Ìbíyẹmí fọwọ́ kan àpótí tó ti ṣá náà. Ara rẹ̀ gbóná díẹ̀, bí ara ẹran ọ̀sìn. "Ṣé èyí lè ṣírò rẹ̀? Lójú gbogbo ìlú?"

"Ó lè ṣe é," ni Ṣíkírù wí. "Àmọ́ a máa kọ́kọ́ ka iye ọjọ́ tó fi fẹ̀ sí i ní ìlà rúlà kọ̀ọ̀kan látinú ìwé, ká tó tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú."

Yẹtí sọ̀rọ̀ létí rẹ̀. "Ìbíyẹmí, fọ́ ohun tó wà níwájú rẹ. Mi ò gbọ́ ọ."

Ohùn náà kò le. Kò le rí. Òun ló ń jí i láràárọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, òun ló sì bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ìbíyẹmí ronú kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Ó ronú kan ọdún kan gbáko láìsí ohùn kankan. Lẹ́yìn náà ó ronú kan àwọn ọmọ tó rí níta nígbà tó ń bọ̀, tí wọ́n ń ta òkòtó lábẹ́ òkúta ńlá náà.

Ó tú yẹtí kúrò létí, ó fi í sínú agbada kan tó wà lórí tábìlì, ó sì dé e.

"Ẹ ránṣẹ́ pe ìlú," ló wí.

Wọ́n wá. Wọ́n kún gbọ̀ngàn, wọ́n kún fèrèsé. Àwọn tó lè ka nọ́ńbà jókòó ní ọ̀wọ́, wọ́n ń gba ìwé lọ́wọ́ ara wọn, ọ̀kan ń pè é, Ìbíyẹmí ń tẹ̀ ẹ́. Ìka kan ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, ó ti ń fi mẹ́rin tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí èèyàn kan bá pe ọdún tí wọ́n bí ọmọ rẹ̀, tàbí ọdún tí bàbá rẹ̀ kú, ohùn rẹ̀ á yí padà díẹ̀, á sì máa bá kíkà lọ. Ìbíyẹmí wá rí i pé ìgbésí ayé ìlú náà ni òun ń tẹ̀ sínú ẹ̀rọ yìí, ó kàn jẹ́ pé òkúta ló kọ ọ́.

Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lù, nọ́ńbà tán. Ṣíkírù kọjú sí àwọn èèyàn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Bí ẹ̀rọ yìí ṣe máa ṣe é rèé, kò sí awo nínú rẹ̀. Á wo iye ọjọ́ tí ojú òkúta fi ń fẹ̀ sí i ní ìlà kan péré lórí rúlà. Bó bá jẹ́ irínwó ọjọ́, á fi àmì kan sókè lójú gíláàsì. Bó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún ọjọ́, àmì á bọ́ sísàlẹ̀. Bí àmì bá wá dé ilẹ̀, á jẹ́ pé kò sí ọjọ́ kankan mọ́ nìyẹn."

"Bó bá dé ilẹ̀ ńkọ́?" ni ẹnìkan bi í.

"Òkúta á kúrò níbi tó wà."

Ó tẹ bọ́tìnnì. Àmì àkọ́kọ́ yọ lókè pátápátá, ó kéré bí ẹyin eṣinṣin. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, èkejì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà lọ́ra. Ó ń kùn, ó ń ronú, ó ń fi ọ̀kan sílẹ̀, ó tún ń ronú. Irínwó èèyàn tí gbogbo ẹ̀rọ ilé wọn ń fèsì kí wọ́n tó béèrè dúró, wọ́n ń wo àpótí kan tó ń ṣiṣẹ́ bí àgbẹ̀ tó ń kọ ebè, ebè lé ebè. Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìmọ ìdí. Ìbíyẹmí fẹ́ bi í léèrè, ó wá rí i pé ojú òun náà ti tutù.

Àwọn àmì náà tẹ́ lọ gbọọrọ ní òkè fún ọdún púpọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ yọ tán, ẹ̀rọ náà fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín wọn títí dé ilẹ̀, ó wá kọ nọ́ńbà kan sísàlẹ̀: ọgọ́rin ọjọ́.

Èémí tú jáde nínú gbọ̀ngàn. "Ọgọ́rin!" ni ẹnìkan kígbe. "Àjùmọ̀rò ní ọjọ́ mẹ́rin ló kù! Irọ́ ni! Tíṣà, ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀!" Wọ́n ń gbá ara wọn lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ti ń jáde lọ sílé.

Tíṣà Akínlùyí nìkan ni kò yọ̀. Ó fi ojú sún mọ́ gíláàsì. Ó fi ìka tọ́ àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dúró lórí ọ̀kan nítòsí ìgbẹ̀yìn. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀, òun nìkan ló dá wà lókè fíofío.

"Èyí kì í ṣe tiwa," ló wí.

"Sà?"

"Mi ò wọn nǹkan báyìí rí." Ó ṣí ìwé kẹta, ó wá oṣù Kẹta ọdún tí àmì náà bọ́ sí. "Ṣíkírù, ka ohun tó wà nínú ẹ̀rọ fún mi."

Ṣíkírù wá a. "Ọjọ́ mọ́kànléláàádọ́rin, sà."

Tíṣà gbé ìwé náà síwájú Ìbíyẹmí. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀. Ó ti tẹ méje ṣáájú ọ̀kan.

Ojú tì í. "Èmi ni mo ṣe é. Ẹ dárí jì mí, sà."

"Kò sí wàhálà. Ẹ̀rọ tí kì í fi àṣìṣe wa pamọ́ nìyí." Àmọ́ Tíṣà mọ ohun tó wà níwájú. Bó bá ti pa ìwé náà dé ni, kò sí ẹnì kan nínú ìlú tí ì bá mọ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ níbi ìpàdé ì bá dúró, orúkọ rẹ̀ ì bá dúró, ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ náà ì bá sì dúró, ó kéré tán títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìbíyẹmí ń wò ó, ó rí i bó ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà wò, tó sì gbé e jù sílẹ̀.

"Ẹ dúró!" ni Tíṣà ké sí àwọn tó ń jáde. "Ẹ padà wá. Àṣìṣe wà níbẹ̀. Ọmọ mi, tún un ṣe."

Ìbíyẹmí tẹ ọ̀kan, ó tẹ méje. Ẹ̀rọ náà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àmì lé àmì. Kò kánjú nítorí ẹnikẹ́ni. Àmì tó dá wà lókè kò yọ mọ́. Ó bọ́ sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀ gbọnrangandan. Nọ́ńbà yọ nísàlẹ̀.

Mẹ́rin.

Tíṣà jókòó sórí àga Ìyá Ojúọlápé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó sọ ọ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́: "Mo sọ fún yín pé ẹ má lọ. Mo ṣì yín lọ́nà. Àjùmọ̀rò ò purọ́ fún wa, ó kàn kọ̀ láti sọ ìdí ni. Ìdí náà rèé. Òkúta ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Àga náà kò súfèé.

Ìbíyẹmí jáde lọ bá ọkọ̀ rẹ̀. Ó tú ẹnu onírin náà kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, òun àti ọkùnrin mẹ́jọ, wọ́n sì taari rẹ̀ sínú kòtò. Àwọn tí kò lè rìn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sínú ọkọ̀ náà. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ọkọ̀ náà gbé ẹrù kẹta, ó wá dúró lójijì sí ojú ọ̀nà, kò sì dá ọ̀gá rẹ̀ lóhùn mọ́. Wọ́n ti yọ ọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó gba ọmọ kan lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n, ó bá wọn rìn.

Wọ́n fi ọjọ́ méjì kó ìlú tán. Ṣíkírù ru kọ̀ǹpútà náà lórí òṣùká, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á rù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, wọ́n wà lórí òkè kejì, lódìkejì odò, nígbà tí àwọn ẹyẹ kọ́kọ́ gbéra. Gbogbo àwọn ẹyẹ Òkè Ọlọ dìde lẹ́ẹ̀kan náà bí aṣọ tí èèyàn gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, òkúta náà mira. Kò yára. Ó tẹ̀ síwájú bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí ẹní, ó dúró díẹ̀, ó wá sọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́. Eruku ga débi pé oòrùn pọ́n. Nígbà tó rọlẹ̀, kò sí gbọ̀ngàn, kò sí ilé ìwé, kò sí ojúde tí àwọn ọmọ ti ń ta òkòtó. Òfuurufú tí ẹnikẹ́ni ò rí rí ṣí sílẹ̀ níbi tí òkúta wà tẹ́lẹ̀, ó mọ́ kedere, ó lọ títí dé ìpẹ̀kun ayé.

Wọ́n ka èèyàn. Wọ́n tún un kà. Wọ́n pé.

"Ọjọ́ kan ni kọ̀ǹpútà fi ṣìnà," ni Tíṣà wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ọ̀kan péré. Láti inú rúlà mi."

Oṣù méjì kọjá ní àgọ́ tuntun náà. Ẹ̀rọ omi kò dá Ìbíyẹmí lóhùn, àwọn obìnrin sì ń pọn omi tirẹ̀ mọ́ tiwọn. Ó ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ìlànà fún kọ̀ǹpútà, ìlà kan lójúmọ́, ó sì ń ṣàṣìṣe.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan tí kò mọ̀ rí dúró síwájú àtíbàbà rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Apẹja ni, ó ti ìlú tó wà létí ọ̀sà wá, ọjọ́ mẹ́rin ló sì fi rìn. Ó gbé okùn ràgàjì kan tó ká jọ sílẹ̀ kúrò léjìká. Kókó ni gbogbo ara okùn náà, àìmọye kókó, àwọn kan súnra, àwọn kan jìnnà síra.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," ló wí. "Ìyá ìyá mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí omi ṣe ń ga sí i lọ́dọọdún la fi ń ta kókó. Àjùmọ̀rò ní ká kó kúrò níbẹ̀, kò sì sọ ìdí. Wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀rọ kan wà níbí tó ń dúró de èèyàn."

Ìbíyẹmí pe Ṣíkírù kó wá tan iná. Òun àti obìnrin náà jókòó sílẹ̀ lójúkojú, wọ́n na okùn náà sáàárín ara wọn, Ìbíyẹmí fi ìka kan kókó àkọ́kọ́, ó sì ní kí obìnrin náà sọ ọdún rẹ̀ fún òun.